Ikọ́ Bàbá kò lọ: ṣé róbọ́ọ̀tì la nílò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi, ẹni ọdún 64, ti ń wúkọ́ láti bí oṣù mẹ́rin. Wọ́n fa sìgá gan-an nígbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ti jáwọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan fún wọn lóògùn ikọ́ ife láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò. Ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní róbọ́ọ̀tì kan wà tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ wá jẹjẹrẹ. Ṣé ká ta ilẹ̀ ká gbé wọn lọ? (Láti Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ta ilẹ̀ o. Róbọ́ọ̀tì náà wà lóòótọ́, ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kì í wá jẹjẹrẹ kiri. Síkáànì CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibi tí kókó wà hàn, Bàbá kò sì tíì ṣe é.

Wesley Guild tó wà nítòsí yín, abẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti Ifẹ̀ ló wà. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi X-ray ya àwòrán àyà wọn. Ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ jọra púpọ̀: ikọ́, ẹ̀jẹ̀, rírù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo oògùn ọ̀kan fún àìsàn kejì. Ẹni tó bá fa sìgá rí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ikọ́ rẹ̀ jáde, kò yẹ kó fi mọ sórí X-ray, nítorí kókó kékeré lè sá pamọ́ sẹ́yìn ọkàn. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ikọ́ ife wọn dúró ṣá o.

Bí CT bá fi nǹkan hàn, bronchoscopy, ìyẹn fífi kámẹ́rà wo inú ọ̀nà èémí, ló kàn. Wọ́n á fọ́n oògùn sí ọ̀fun kó lè kú. Ó korò, èèyàn á sì rò pé òun ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Lẹ́yìn náà ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn tó pẹ́ńsù, tó ní kámẹ́rà lórí, á gba imú tàbí ẹnu wọlé. Mímí kò ní dí. Wọ́n á gé ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò. Bàbá kò ní jẹun fún bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mu omi títí ọ̀fun á fi jí.

Okùn lásán yìí ń dé àwọn ọ̀nà èémí ńlá. Etí ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ọ̀nà ti tín-ín-rín, ni agbára rẹ̀ kì í ká. Ibẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì wúlò. Irú okùn mìíràn ń lo ìmọ́lẹ̀ búlúù: ibi tó dá á yọ àwọ̀ ewé, ibi tó ń yí padà á pọ́n rúsúrúsú. Ó dára, àmọ́ ó máa ń fura sí egbò lásán pẹ̀lú. Irú okùn kẹta, EBUS, lèmi fẹ́ràn jù. Irú síkáànì tí wọ́n fi ń wo aboyún ló wà lórí okùn rẹ̀, dókítà á fi rí kókó tó wà lẹ́yìn ògiri ọ̀nà èémí, á sì fi abẹ́rẹ́ fà á. Ó lè fi hàn bóyá jẹjẹrẹ ti ràn débẹ̀, tàbí pé ikọ́ ife ló wà níbẹ̀.

Ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde bá ju ṣíbí díẹ̀ lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò kankan. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.