Ṣé Haráámù Ni Kí Mùsùlùmí Jọba?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, Àáfà. Ilé ọba ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti kan ìdílé wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́sáláásí ní kò sí ọba nínú Ìsìláàmù, kálífà (olórí gbogbo Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì) nìkan ló wà, pé haráámù ni oyè náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàláámù. Ọ̀rẹ́ rẹ rí òótọ́ díẹ̀ dìmú, ó wá fà á kọjá ibi tó mọ.

Àlùkùránì kò ṣe ipò ọba ní haráámù. Nínú Súrà Bákárà, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló ní kí ànábì wọn yan ọba fún àwọn. Nígbà tí Ọlọ́run mú Tálútù, wọ́n yarí: àwọn ló tọ́ sí jù ú lọ, kò tilẹ̀ lówó lọ́wọ́. (Àfi bí ìjà ilé ọba òde òní!) Ànábì wọn fèsì pé ìmọ̀ àti agbára ara ni Ọlọ́run fi ṣe àlékún fún un. Dáúdà àti Sùlèmánà náà, ànábì ni wọ́n, ọba sì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àjogúnbá ni ọ̀rẹ́ rẹ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gún Úmárù, kálífà kejì, lọ́bẹ ní 644, èèyàn mẹ́fà ló ní kí wọ́n yan kálífà láàárín ara wọn. Ó ní kí Abdullahi ọmọ òun bá wọn jókòó, ṣùgbọ́n kò ní ìpín nínú oyè náà. Ọmọ ẹni tó wà lórí àléfà! Muawiya, kálífà kan tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ló wá gba ìbúra fún Yazid ọmọ rẹ̀, ìyẹn sì jọba ní 680. Láti ìgbà náà ló ti di ti ìdílé, títí Tọ́kì fi fòpin sí oyè kálífà ní 1924. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà Úmárù. Síbẹ̀, inú àjogúnbá yẹn náà ni Umar ọmọ Abdul-Aziz ti jáde ní 717, olódodo tí gbogbo ayé ń ròyìn.

Ní tìrẹ, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kìlọ̀ fún Abdurrahman ọmọ Samura, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, pé kó má tọrọ ipò àṣẹ: bí wọ́n bá fún un nítorí pé ó tọrọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, bí kò bá tọrọ, a ó ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí afọbajẹ kankan. Àti ẹni tó fún ni ní rìbá àti ẹni tó gbà á ni Ànábì ṣẹ́bi lé. Bí wọ́n bá fúnra wọn pè ọ́, kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìpèbì, ibi tí ọba tuntun ń wà kó tó gorí ìtẹ́. Bí ìbọ bá wà níbẹ̀, tí wọn kò sì gbà láti yọ ọ́ kúrò, jẹ́ kí oyè náà lọ sílé kejì.