Ìbọ̀wọ́ kò rọ́pò omi àti ọṣẹ nílé ìtọ́jú àgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ni màmá mi, ẹni ọdún 78, ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn àgbà ibẹ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru. Alábòójútó ní kí ọkàn mi balẹ̀, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì ń lo sànítáísà. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Kò tó o. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ nu ìdí màmá, tí kò bọ́ ọ kó tó gbé ife omi fún bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ti gbé àrùn dé ẹnu bàbá náà. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n bọ́ ọ dànù, kí wọ́n sì fọwọ́, torí ìbọ̀wọ́ lè ti lu lójú tí a kò rí.

Sànítáísà dára fún ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ṣùgbọ́n nígbà ìgbẹ́ gbuuru, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí wọ́n lò, nítorí sànítáísà kì í pa norovirus, kòkòrò àrùn kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, dáadáa, bẹ́ẹ̀ àárín àwọn àgbà tó ń gbé pọ̀ ló ti máa ń tètè ràn. Kí fífọ ọwọ́ náà tó ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60, kó dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Bí iná bá lọ tí omi kò yọ, kí wọ́n ní garawa tó ní ẹ̀rọ omi lẹ́nu. Abọ́ omi kan tí gbogbo èèyàn ń tọwọ́ bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á fún wọn.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń gé owó òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn. Èyí ká mi lára gan-an, torí ẹni tí wọ́n máa gé owó rẹ̀ yóò fi ìgbẹ́ gbuuru pamọ́, yóò sì wá síbi iṣẹ́. Ilé ló yẹ kó wà títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà dá.

Ní ti màmá, bí ẹnu wọn bá gbẹ, tí ìtọ̀ wọn dínkù, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, omi ti ń tán lára wọn. Ara àgbà lè má gbóná rárá. Kí wọ́n máa fún wọn ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ìgbẹ́ bá rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ó lè jẹ́ onígbáméjì: ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí alábòójútó sì fi tó ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí.