Èsì: Ṣé mandamus lè gbà mí lọ́wọ́ adájọ́ yìí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ láti da ẹjọ́ tí wọ́n pè yín nù, ẹ sì fẹ́ mandamus, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi ń sọ ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, láti ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kí n má tàn yín, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fún yín. Nínú ẹjọ́ Cheney lọ́dún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà rí ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ̀tọ́ yín sí àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Bí méjèèjì bá tilẹ̀ wà, ilé ẹjọ́ ṣì lè ní kò yẹ. Ẹ̀yin sì ní ọ̀nà mìíràn: ẹ ṣì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lẹ́yìn ìdájọ́. Ká ní ẹ̀tọ́ sí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́, ni adájọ́ fi dù yín ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀: lọ́dún 1959, mandamus ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Beacon Theatres lórí irú rẹ̀.