Ṣé ká ná àwọn onílù ojú pópó Japan lówó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń lọ kàwé ní Osaka. Mo rí fídíò àwọn kan tó kun ojú ní funfun, wọ́n wọ aṣọ àtijọ́, wọ́n ń lùlù láàárín ọjà. Ṣé eégún wọn nìyẹn? Tí mo bá pàdé wọn, ṣé kí n ná wọn lówó bí a ṣe ń ná onígángan?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi owó rẹ sápò. Wọn kì í ṣe eégún, wọn kì í sì í ṣagbe. Chindon-ya ni wọ́n ń jẹ́, ìpolówó ọjà sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tàbí onílé tẹ́tẹ́ pachinko, ti sanwó fún wọn kí wọ́n tó jáde. Tí wọ́n bá na hándíbìlì sí ọ, gbà á, ìyẹn ni wọ́n ń wá. Má ṣe lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí o! Àtíkè á ṣí, wíìgì á yẹ̀.

Ìró ìlù ló sọ wọ́n lórúkọ: "chin" ni ohùn agogo, "don" ni ti ìlù. Wo ẹni tó ṣíwájú dáadáa. Ó gbé férémù kan kọ́ àyà, ìlù kékeré àti ńlá wà lára rẹ̀, pẹ̀lú agogo idẹ tó rí bí abọ́ pẹrẹsẹ. Agboòrùn tún wà lókè. Òun nìkan ló ń lu gbogbo rẹ̀, ó tún ń rìn. Èmi tí mo ń fi ìlù jẹun, mo ṣe sàdáńkátà fún wọn.

Osaka tí ò ń lọ gan-an ni wọ́n ti máa ń tọpa ìtàn wọn. Ní 1845, wọ́n ní kí Amekatsu, ọkùnrin kan tó ń kiri súìtì, fi ohùn rẹ̀ tó ròkè pèrò wá sílé eré. Fèrè clarinet àti saxophone tí wàá gbọ́ pọ̀ sí i lẹ́yìn náà: nígbà tí sinimá tó ń sọ̀rọ̀ dé ní nǹkan bí 1930, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọnfèrè sí sinimá tí kò lóhùn, ọ̀pọ̀ wọn sì yà sídìí iṣẹ́ Chindon-ya.

O lè pẹ́ ní Osaka kí o tó ṣalábàápàdé wọn, torí wọn ò pọ̀ mọ́ bíi ti àwọn ọdún 1950. Tí o bá fẹ́ rí wọn rẹpẹtẹ, wọ reluwé lọ sí ìlú Toyama ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Láti 1955 ni wọ́n ti ń bára wọn díje níbẹ̀, lásìkò tí òdòdó sakura máa ń tanná.