Wọ́n mú ọmọ kan nínú ilé àkọ́kù: ibo ni agbára ẹgbẹ́ onílé mọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì wa ní Gbàgádà. Géètì méjì la ní, mégádì mẹ́rin. Nítorí pé àárín wa yá láti dé ibùdókọ̀, gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ọmọkùnrin kan máa ń fo fẹ́ǹsì wọ ilé àkọ́kù kan lálẹ́, wọ́n á máa mugbó níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn mégádì mú ọ̀kan, ọmọ ọdún 16. Wọ́n tì í mọ́ ilé géètì di àárọ̀, wọ́n gba fóònù rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì san ₦20,000 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Fóònù náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Alága wa ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé lọ́jọ́ mìíràn ṣe ni ká bọ́ wọn sí ìhòòhò kí wọ́n lè gbọ́n. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni òfin gbà fún wa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Akọ̀wé. Ó dára bí ọkàn yín ò ṣe balẹ̀. Agbára tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé ni láti sọ fún ẹni tí wọn ò pè pé kó jáde, kí wọ́n sì rí i pé ó jáde lóòótọ́. Agbára láti fìyà jẹ ẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé kankan l'Ékòó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ẹni tó kàn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, tí kò jalè, tí kò fọ́ ilẹ̀kùn, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ọ̀rọ̀ àárín òun àti onílẹ̀ ni lójú òfin níbí. Òfin tó wà lókè Ọya ló sọ ọ́ di ọ̀ràn tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi èèyàn sẹ́wọ̀n. Lọ́dọ̀ tiwa, onílẹ̀ ló máa pè é lẹ́jọ́, kí adájọ́ ní kó sanwó gbà-máà-bínú, kó sì kà á léèwọ̀ fún un láti padà síbẹ̀. Onílẹ̀ lè jàre bí kò tilẹ̀ sí koríko kan tó bàjẹ́. Nítorí náà, ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ sára géètì káàkiri, pé ẹni tó bá wọlé láìgbàṣẹ yóò fojú ba ilé-ẹjọ́ bí ọ̀daràn, fi kún òfin. Ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀ àdáni ni, kí ẹ sì kọ wákàtí tí àlejò lè wọlé. Ìyẹn tó, ó sì wúlò níwájú adájọ́.

Bí èèyàn bá wọlé ní ìrọ̀rùn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kó jáde, kí ẹ fún un láyè tó lè fi rìn dé géètì. Bí ó bá kọ̀, mégádì lè dì í lápá mú un jáde. Ìwọ̀n agbára tó máa gbé e dé ẹ̀yìn géètì nìkan ni òfin fọwọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe. Bí wọ́n bá ti la kóńdó mọ́ ẹni tó ti ń lọ, àwọn mégádì ló wá dá ọ̀ràn báyìí, ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ sì lè bá wọn jẹ́jọ́. Òfin ọdún 1986 tó de àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè mégádì kò sì gbà wọ́n láyè láti gbé ìbọn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òmìnira èèyàn láìbá òfin mu, abala 34 sì ni kò jẹ́ kí wọ́n hùwà àbùkù sí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé géètì kì í ṣe àhámọ́. Ká ní wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń jalè tàbí tó ti ń fọ́lé ni, ará ìlú lè mú un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Tó bá jẹ́ pé igbó ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, téṣàn náà ni. Èyí tí wọ́n ṣe yìí, tí wọ́n tì í mọ́lé di àárọ̀ tí wọ́n sì gbowó lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kó tó jáde, bí bàbá rẹ̀ bá gba lọ́yà lọ́la, ẹ̀yin ni yóò máa wá owó san.

Ní ti bíbọ́ èèyàn sí ìhòòhò, ẹ bá mi rán alága létí Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ní oṣù October ọdún 2012. Wọ́n pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lórí. Wọ́n bọ́ wọn sí ìhòòhò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí rẹ̀, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Aṣọ tí wọ́n bọ́ yẹn ló ń sọ fún èrò tó pé jọ pé ẹni yìí kì í ṣe èèyàn mọ́. Kò sí mégádì tó lè dá irú èrò bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tó ń gba ọ̀nà àbùjá. Ta ló ni ọ̀nà náà? Ọ̀pọ̀ ibi tí à ń pè ní ẹ́sítéètì l'Ékòó, àdúgbò ni, àwọn onílé ló dáwó ra géètì sí i lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ òpópónà ìjọba, ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ kò ṣẹ̀ yín. Abala 41 ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn, ìjọba sì lè ní kí ẹ wú géètì yín. Ẹ wá àwòrán ìpín ilẹ̀ yín tí ìjọba fọwọ́ sí jáde, kí lọ́yà tàbí sọ̀fíọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dí ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ pé tiyín ni lóòótọ́, mo ṣì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa kọjá lójúmọmọ. Ìyá tó gbé bọ̀ọ̀lì lórí tó ń sáré lọ sí ibùdókọ̀ kọ́ ni ìṣòro yín.

Ilé àkọ́kù ní tirẹ̀, ẹni tó ni ín ló láṣẹ lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ wá a kàn, kó kọ lẹ́tà tó fún yín láṣẹ láti máa lé èèyàn jáde níbẹ̀. Kó fi búlọ́ọ̀kù dí ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀yin gbé iná sí iwájú rẹ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ kì í wu amugbó. Bí àwọn kan bá ti ń gbé ibẹ̀, ẹ má fipá kó ẹrù wọn síta. Òfin tí Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo dúkìá ka fífi agbára gba ilé léèwọ̀, ọdún 10 lẹ́wọ̀n ló wà fún un. Òfin kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí owó ìtánràn tó lè tó mílíọ̀nù 5 náírà lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbé ilé onílé lọ́nà àìtọ́. Kí onílé gbé e lọ sí Mínísírì Ìdájọ́ ní Alausa.

Bí ẹ bá rí ẹni tó mú ohun ìjà dání, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ pe 112 tàbí 767. Kí mégádì máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tó rí sínú ìwé.

Ẹ má jẹ́ kí fóònù ọmọ yẹn sùn sí ilé géètì lónìí. Ẹ̀yin àti alága, ẹ mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ₦20,000 náà, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti gba méjèèjì.