Máàkì ìwà ibi nínú eré dáìsì: ohun tójú mi rí

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ campaign, ìyẹn ìtàn tẹ́ ẹ máa jọ fi ẹnu àti dáìsì ṣe lọ fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ márùn-ún, kí character (ẹni inú ìtàn tí player, ẹni tó ń ṣeré, kọ̀ọ̀kan ń ṣe) tó bá ń hùwà ìkà máa gba máàkì, o wá ń béèrè pé máàkì mélòó ló yẹ kó pé kó tó bàjẹ́ pátápátá, àti pé báwo ló ṣe máa rí ọ̀nà padà. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ máàkì yìí ló gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Inú eré Star Wars tí West End Games gbé jáde ní 1987 ni mo ti jí òfin tí mo lò. Character tó bá ṣe ibi á gba máàkì kan, á wá ju dáìsì kan, tí ohun tó jù bá ti kéré sí iye máàkì ọrùn ẹ̀, ó parí, GM, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, á gba character yẹn lọ́wọ́ player ẹ̀. Máàkì kan ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan torí dáìsì ò ní òdo. Tó bá di mẹ́ta, oókan àbí eéjì ti gbé ẹ lọ nìyẹn. Mo rí i, mo ní háà, èyí á dùn o. Mo gbé e wọnú campaign tiwa tí kò tiẹ̀ ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ogun ojú ọ̀run bíi ti Star Wars, àwọn ọmọ ogun tó sá lójú ogun ni tiwa.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ló ń ṣe character tó ń jẹ́ Àjàní. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti ń gbé e bọ̀, gbogbo Sátidé, ó ti kọ káàdì tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan nípa Àjàní sí, ó ti pa á rẹ́, ó tún un kọ, títí ibi tó ń kọ owó sí fi lu. Àjàní ti ní máàkì méjì tẹ́lẹ̀: ó jí ẹṣin, ó sì dalẹ̀ lẹ́yìn tó ti búra. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n mú bàbá kan tó ń tukọ̀, ó ti rí ojú wọn, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù nídìí tábìlì ń pariwo pé pa á, pa á jàre, tó bá lọ á lọ tú wa fó. Ọ̀rẹ́ mi gan-an ló ń lọ́ra. Ó wò mí, ó ní ṣé kò sọ́nà míì ni, mo ní ìwọ lo mọ̀. Ó ní ó dáa, mo pa á. Mo ní máàkì kẹta, oyá ju dáìsì. Iná ti lọ nígbà yẹn, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń ríran, dáìsì yí gbirigbiri, ó lọ fẹ̀gbẹ́ ti ìgò mínírà. Eéjì.

Mo nawọ́, mo ní gbé káàdì wá.

Ó ní èmi nìkan? Àwọn tó ní kí n pa á ńkọ́? Mo ní òfin ni òfin. Ó rọra fi káàdì sílẹ̀, ó wọ sálúbàtà ẹ̀, ó lọ.

Ta ló kọ́ mi ní "òfin ni òfin"? Àwọn ọ̀gá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àwọn ti ń ṣe GM kí wọ́n tó bí wa. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan ní player tó bá bínú ọmọdé ni. Ọmọdé kẹ̀! Kò tíì jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Tí irú wọn bá wá síbí wá dá ẹ lóhùn, kí wọn dáadáa, kó o kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi ló sì jàre. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Báyìí, tí ẹ bá jọ ní kí ẹnì kan ṣe ibi, gbogbo yín lẹ máa gba máàkì ẹ̀, àfi ẹni tó bá lòdì sí i síta, létí gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó ṣe ni ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo sì máa ń sọ iye tó máa ná ẹ kó o tó ṣe é, mi ò sọ "ìwọ lo mọ̀" mọ́ láé.

Nǹkan míì, má pe máàkì yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ o. Mo pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, odindi wákàtí kan la fi jiyàn bóyá ẹni tó parọ́ fún ọ̀tá dẹ́ṣẹ̀, ẹnì kan fa Ráhábù yọ nínú Bíbélì, eré ò tẹ̀síwájú mọ́. Kó o sì bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, níkọ̀ọ̀kan, ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́ rárá nínú eré. Ìyẹn ò ṣòro.

Tó o bá fẹ́ wo ibòmíì, eré Vampire: The Masquerade ti 1991 ní Humanity, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìwà èèyàn ṣe kù lára character tó, òdo dé mẹ́wàá. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì ga, olè jíjà lásán á mú kó ju dáìsì, ẹni tí tiẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, olè ò tiẹ̀ ká a lára mọ́, ọkàn ẹ̀ ti yigbì. Ìyẹn jọ èèyàn lójú mi. Eré Pendragon ti 1985 náà dáa, ó so àánú àti ìkà pọ̀, àpapọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá 20, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè nìkejì ń wálẹ̀.

Ti ìrònúpìwàdà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹni tó bá ṣoore á yọ máàkì kan. Kíá ni ẹnì kan ń fún ọmọ aláìlóbìí ní owó wúrà mẹ́wàá-mẹ́wàá ní gbogbo Sátidé bí ẹni ń dá ìdámẹ́wàá, tó bá ti san án tán á tún lọ dáná sun ilé. Mo fòfin dè é. Ọ̀dọ̀ ẹni tó o ṣẹ̀ lo gbọ́dọ̀ lọ báyìí, tó bá sì ti kú, ọ̀dọ̀ èèyàn ẹ̀, wọ́n sì láṣẹ láti má gbà. Tí wọ́n bá gbà, máàkì á lọ, ṣùgbọ́n ará ìlú ò ní tìtorí ẹ̀ gbàgbé, ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, tó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ìwé ọ̀tọ̀ ni mò ń kọ ohun tí ìlú mọ̀ sí. Má pa méjèèjì pọ̀.

Èmi náà lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gbé káàdì ẹ̀ dání, ó ní òun ò gbà á mọ́, kí Àjàní máa jẹ́ tèmi. Sátidé tó tẹ̀ lé e ó wá pẹ̀lú káàdì tuntun: ọmọbìnrin bàbá tó ń tukọ̀ yẹn, tó ń wá Àjàní kiri.

Yéè, nọ́ńbà tó o béèrè. Márùn-ún ni mò ń lò. Tó bá pé, mi ò gba káàdì, player fúnra ẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa parí. Má sì lọ náwó sórí dáìsì òkè òkun, ti lúdò ti tó.