Ẹ Ra Ohun Tó Ń Di Irin Mú Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ohun Tó Ń Gé E

Ìyá Onírin ń dáhùn ìbéèrè yín láti Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Onírin. Tíṣà ni mí, mo fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, Igbógbó ni mo kọ́lé sí. Mo ti ta ọkọ̀ mi, gáráàjì mi wá ṣófo. Ó wù mí kí n máa fi irin ṣe nǹkan níbẹ̀: àga, géètì kékeré, ibi tí a ń gbé táǹkì omi lé. Ọmọ mi fẹ́ ra ẹ̀rọ wẹ́dà fún mi. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 300 sí lára, kò sì wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 KVA ni mo ní. Ṣé kó rà á? Kí ni kí n tún rà mọ́ ọn?
*Bàbá Tíṣà, Igbógbó*

Ìdáhùn: Bàbá Tíṣà, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù, gáráàjì tí Bàbá ń wí yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ́tò, níbi tí agbèrò ti ń pariwo "Ṣágámù, ó ku ẹnì kan!" Ibi tí ọkọ̀ ń sùn nínú ilé ni.

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fọwọ́ lé owó náà ná. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Èmi ni mò ń fẹ ewìrì fún bàbá mi kí n tó mọ ìwé kà. Bàbá mi lè yá èèyàn ní òòlù, ó lè yá èèyàn ní ọmọ owú pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀mú rẹ̀ kì í kúrò nílé. Á ní, "Bí n ò bá rí nǹkan di irin mú, kí ni mo fẹ́ lù?" Fáìsì ni ẹ̀mú tiwa lónìí, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ wọkọ̀ lọ sí Òwódé Onírin, kẹ́ ẹ wá fáìsì tòkunbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 4 tàbí 5. Ẹ má rà á lójú àwòrán fóònù. Ẹ yí i wọlé, ẹ yí i jáde dé òpin. Bó bá ń há níbì kan tó sì ń fo níbòmíì, inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ ki bébà sáàárín ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ fún un pọ̀, kẹ́ ẹ fa bébà náà. Ẹ tún ṣe é lápá òsì. Bí apá kan bá di bébà mú tí ìkejì sì jẹ́ kó yọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ẹ wá da ojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó o rí. Irin dídà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, irin dídà kì í sì í bá wẹ́dìn rẹ́ bọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n jó yẹn ló máa tún là lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi òòlù kan án. Ẹni tó ń tà á á máa bínú pé ẹ ń yẹ ọjà òun wò jù. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Lẹ́yìn fáìsì, kílám̀pù mẹ́rin, ó kéré tán. Irin tó gùn ní mítà 1, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 100 lé sí i, á fi nǹkan bíi mm 1.2 gùn sí i. Bó bá sì ń tutù, á sún kì padà. Nǹkan bíi ìwọ̀n 1,500 ni irin ń yọ́. Ẹ ò rí i pé géètì tó gún régé láàárọ̀ kò ní pẹ́ wọ́ bí kò bá sí ohun tó dì í mú? Ẹ fi kílám̀pù de gbogbo rẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì, ẹ fi iná kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa téèpù láti igun dé igun tó kọjú sí i, kẹ́ ẹ tún fa ti ìdàkejì. Bí méjèèjì ò bá bára mu, òòlù ṣì lè tún un ṣe nígbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti jó o tán kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin àti géètì yín lẹ jọ máa wo ara yín.

Ẹ̀rọ fáìlìn ló ń yí dísìkì tá a fi ń gé irin tá a sì fi ń fá a. Kékeré ti ínṣì 4 àbọ̀ tó fún ilé. Nǹkan bí ìgbà 11,000 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Dísìkì ńlá ti ínṣì 9, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò gbọdọ̀ yí ju ìgbà 6,650 lọ. Àwọn wẹ́dà wa a sì máa yọ gáàdì, ìyẹn ìbòrí tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ dísìkì, kúrò lára ẹ̀rọ kékeré kí dísìkì ńlá lè wọ̀ ọ́, torí pé á tètè gé. Mo mọ̀ torí pé èmi náà ti ṣe é rí. Sátidé kan ni, mò ń kánjú parí bọ́gílárì fún oníbàárà tó fẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ Àìkú. Dísìkì náà fọ́ sí mẹ́ta. Ọ̀kan lu páànù òrùlé já, ọ̀kan la korobá omi tó wà nílẹ̀ sí méjì, ìkẹta ni mo ṣì ń wá títí dòní. Kò kàn mí, Ọlọ́run ló yọ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ gáàdì ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ilé ló ń lọ.

Dísìkì tó tín-ín-rín bíi mm 1 lẹ máa fi gé páìpù. Èyí tó nípọn tó mm 6 lẹ máa fi fá a. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ dísìkì ìgé fá nǹkan, kò lágbára níbẹ̀. Òrùka irin kékeré tó wà láàárín rẹ̀, wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí kò ní ṣeé lò mọ́ síbẹ̀. Àbí búrẹ́dì nìkan lẹ rò pé ó ń bàjẹ́? Ohun tó lẹ dísìkì pọ̀ a máa gbó, ọ̀rinrin sì máa ń jẹ ẹ́, àwa tá à ń gbé létí ọ̀sà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ọ̀rinrin.

Ayùn irin, ẹ ra abẹ rẹ̀ tí eyín rẹ̀ jẹ́ 24 tàbí 32 nínú ínṣì kan fún páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí eyín rẹ̀ kọjú síwájú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi dírílì lu ihò, ẹ fi pọ́ńṣì sàmì síbẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má báa yọ̀, ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì bọ́ ìbọ̀wọ́. Dírílì tó bá gbá ìbọ̀wọ́ mú, ọwọ́ ló fẹ́ mú.

Ó wá ku ẹ̀rọ wẹ́dà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, ẹ ṣáà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ fólítì iná tó ń jó lẹ́nu ẹlẹ́kítíródù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yọ́ sójú irin, ẹ mú 20, kẹ́ ẹ wá fi áńpù tẹ́ ẹ ń lò lọ́nà 0.04 kún un. Bó bá jẹ́ áńpù 300 lóòótọ́, fólítì 32 nìyẹn. 300 lọ́nà 32 jẹ́ wáàtì 9,600. Ẹ wá wo púlọ́ọ̀gì tó wà nídìí wáyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá à ń kì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, áńpù 13 ni. Áńpù 13 lọ́nà fólítì 230 kò pé wáàtì 3,000. Níbo ni 6,600 tó kù ti fẹ́ wá? Kí ọmọ yín fi 300 yẹn sílẹ̀, kó wo àwo kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí ó bá rí "160 A, 60%" níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ẹ lè fi áńpù 160 jó irin fún ìṣẹ́jú 6, kó sinmi fún 4. Ínfátà wẹ́dà tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ kan gbé, ti tó fún yín. Ẹ̀rọ wẹ́dà tí àwọn ará ibí ń fi kọ́pà wé lágbára, kì í tètè kú, ṣùgbọ́n bó bá ti kan irin báyìí, gílóòbù gbogbo àdúgbò á ṣẹ́jú, kò sì ní pẹ́ tí aládùúgbò á fi wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ẹlẹ́kítíródù 6013 géèjì 12, èyí tó jẹ́ mm 2.5, ni kẹ́ ẹ rà. Áńpù 60 sí 90 ló ń fẹ́. Géèjì 10 ń fẹ́ 90 sí 130, ẹ jẹ́ kó dọjọ́ iwájú. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí lásìkò òjò.

Ti jẹnẹrétọ̀ yín: pẹ̀lú áńpù 70, iná ẹnu ẹlẹ́kítíródù nìkan ń jẹ wáàtì 1,600. Tẹ́ ẹ bá wá ro èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò mọ́ ọn, ohun tó ń fà lára jẹnẹrétọ̀ ti ń sún mọ́ 2.7 KVA. Tiyín á kàn máa ké ni. Ẹ wá 5 KVA, tàbí kẹ́ ẹ dúró de iná NEPA tó bá lágbára. Kẹ́ ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò jáde kúrò nínú gáráàjì pátápátá. Iná tó ń ta lára irin lè fò tó mítà 10. Bí mo bá jó nǹkan tán, mi ò kì í ti ilẹ̀kùn kí wákàtí kan tó pé.

Ọ̀rọ̀ táǹkì omi yẹn ni mo fi sẹ́yìn torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Lítà omi 1,000 jẹ́ kílò 1,000, a ò tíì ka táǹkì fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ṣẹ́. Ẹ fi àga bẹ̀rẹ̀. Bí àga bá já, ìdí ló ń ta èèyàn.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ wẹ́dìn ní Ìjẹ̀dẹ̀. Gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí ló ń lò. Lóru àná ló jí tó ń ké pé yanrìn kún ojú òun. Wọ́n ní ká fún omi ọyàn sí i, ẹlòmíì ní ká gé ọ̀dùnkún lé e. Èwo ló ń ṣiṣẹ́?
*Àbúrò wẹ́dà, Ìjẹ̀dẹ̀*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò sí yanrìn níbẹ̀. Iná wẹ́dìn ló jó ojú rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń jó ẹ̀yìn ẹni tó bọ́ra sóòrùn. Kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12 kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ló ń mú wọn. Ẹ má fún nǹkan kan sí i. Omi ọyàn lè gbé kòkòrò wọ ojú tó ti bó. Ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ lé ìpéǹpéjú tó pa dé, kó jókòó sínú òkùnkùn, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ wò ó bóyá irin wà níbẹ̀.

Gíláàsì fáàrí ò lè dá iná yẹn dúró. Agbáda ojú, ìyẹn ìbòjú wẹ́dà, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11, ni kó rà. Kó tó ra fóònù tuntun o. Bí wọ́n bá sì ń jó irin nílé, ẹ ta tapólì dí ẹnu ọ̀nà, torí àwọn ọmọdé tó dúró tó ń wò ó kò ní ìbòjú kankan.

Ìbéèrè: Mo ní páìpù gálífánáìsì tí mo fẹ́ fi ṣe òpó. Ọ̀gá kan ní kí n mu mílíìkì ṣíkún kan kí n tó jó o, pé èéfín rẹ̀ ò ní mú mi. Ṣé òótọ́ ni?
*Ẹ̀bútẹ̀, Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Inú ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Síńkì ni wọ́n fi bo páìpù yẹn. Ní ìwọ̀n 907 ló ti ń hó, irin ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà náà. Èéfín funfun tẹ́ ẹ máa rí nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fà á símú, lálẹ́ ni òtútù á mú yín bí ẹni tí ibà ń ṣe, ẹnu yín á sì máa ta bí ẹni tó lá kọ́bọ̀. Ẹ fá síńkì náà kúrò ní ìwọ̀n ínṣì 2 lápá méjèèjì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jó, kẹ́ ẹ bo imú bẹ́ ẹ ti ń fá a. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti jó o, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá jó o tán, ẹ fi ọ̀dà síńkì kun ibẹ̀ kó má báa dípẹtà.

Mílíìkì náà, ẹ bù ú sí tíì yín.